Kímò ń lọ lọ́wọ́ lásìkò àjàkálẹ̀ àrùn COVID-19: èwo ló yẹ ká dá dúró nínú àgbo àti fítámì yìí?

Alágbàtọ́jú
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa jẹjẹrẹ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá sí i. Obìnrin ẹni ọdún 58 ni, jẹjẹrẹ ọmú. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Kímò, ìyẹn oògùn tó ń pa jẹjẹrẹ, ló ń gbà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta: doxorubicin àti cyclophosphamide. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ẹlẹ́ẹ̀kejì ni, òní ló pé ọjọ́ mẹ́fà. Nítorí COVID-19, orí fóònù ni dókítà ti ń bá a sọ̀rọ̀ báyìí. Wọ́n sì ní tó bá parí kímò, ọjọ́ márùn-ún péré ni ìtànṣán tí wọ́n fi ń pa jẹjẹrẹ máa jẹ́ fún un dípò ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Àwọn ẹbí ti kó oríṣiríṣi wá kí ara rẹ̀ lè gbà á: kápúsù ata ilẹ̀ pupa tí wọ́n fi ata dúdú sí, kápúsù aáyù, zinc 50 mg lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, fítámì C 1,000 mg, àti àgbo kan nínú ìgò tí kò ní àkọlé. Wọ́n tún ní kó máa daṣọ borí lórí omi gbígbóná lálaalẹ́.

Èwo ló lè lò? Bí ara rẹ̀ bá gbóná ńkọ́, ṣé ká gbé e lọ síbi tí àwọn oní-kòrónà kún sí ni, àbí ká dúró sílé? Ìtànṣán ọjọ́ márùn-ún yẹn náà, ṣé kì í ṣe àbọ̀ ìtọ́jú?

Nọ́ọ̀sì_Kímò
Ti ibà ni ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ dáhùn, torí òun ni kì í fúnni láyè. Láti nǹkan bí ọjọ́ 7 sí 14 lẹ́yìn kímò ni sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun máa ń wálẹ̀ jù. Àwọn tí wọ́n ń pè ní neutrophil, tó ń kọ́kọ́ dojú kọ bakitéríà, lè má tó 500 nínú microlitre ẹ̀jẹ̀ kan (ìdá kan nínú mílíọ̀nù lítà). Tó bá ti rí bẹ́ẹ̀, egbò lè má ṣe ọyún, ikọ́ lè má mú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wá, torí sẹ́ẹ̀lì tó máa ń di ọyún gan-an ni kò sí. Lọ́pọ̀ ìgbà, ibà nìkan ló máa ń kù tó lè ta yín lólobó.

Ẹ ní tẹmọ́mítà onínọ́ńbà nílé. Abẹ́ ahọ́n ni kẹ́ ẹ fi sí, kó pa ẹnu dé títí á fi dún. Tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ mu ohun gbígbóná tàbí ohun tútù, ẹ ní sùúrù fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Èyí tẹ́ ẹ bá fi sí abíyá máa ń kà sísàlẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ má fi sí ihò ìdí láéláé. Awọ ibẹ̀ lè ya, kòkòrò á gbabẹ̀ wọ ẹ̀jẹ̀.

Tó bá ka 38.3°C lẹ́ẹ̀kan péré, tàbí tó dúró sórí 38.0 fún wákàtí kan, ẹ pe nọ́ńbà pàjáwìrì tí ẹ̀ka jẹjẹrẹ fún yín, kẹ́ ẹ sì máa gbé e lọ. Bó bá ń gbọ̀n láìsí ibà, ẹ pè wọ́n bákan náà. Ẹ wọ ìbòmú fún un. Ẹ dé ẹnu ọ̀nà kẹ́ ẹ sọ pé: "Ó ń gba kímò, ọjọ́ báyìí ló gbà á kẹ́yìn, ara rẹ̀ gbóná tó báyìí." Ọ̀rọ̀ yẹn ló máa yọ ọ́ kúrò lórí ìlà. Láàárín wákàtí kan tó bá débẹ̀ ló yẹ kí oògùn apakòkòrò ti wọ iṣan. Wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò fún COVID náà, ṣùgbọ́n wọn ò gbọdọ̀ tìtorí èsì yẹn dá oògùn dúró. Kòkòrò tó sì máa ń dá àwọn tó ń gba kímò dùbúlẹ̀, inú ìfun tàbí ara awọ wọn ló sábà ti ń wá, kò ní kí wọ́n jáde nílé kó tó mú wọn.

Apòògùn
Ìgò tí kò ní àkọlé yẹn, ẹ dá a dúró lónìí. Kì í ṣe pé ewé burú: ara ewé ni wọ́n ti yọ vincristine, ara èèpo igi ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí paclitaxel, oògùn jẹjẹrẹ gidi sì ni méjèèjì. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé ẹnikẹ́ni ò lè sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Àwọn kan máa ń lọ oògùn òyìnbó bíi dexamethasone mọ́ ọn. Oúnjẹ á máa wọlé, ìrora á dínkù, ẹ ó ní àgbo ń ṣiṣẹ́, bẹ́ẹ̀ oògùn yẹn ti bo ibà tí nọ́ọ̀sì ń sọ yẹn mọ́lẹ̀. Ẹ̀dọ̀ náà ńkọ́? Ẹ̀dọ̀ ló ń kó doxorubicin kúrò lára. Bí àgbo bá da ẹ̀dọ̀ rú, dókítà á rò pé kímò ló fà á, á dín in kù tàbí kó sún un síwájú.

Zinc ló kàn. 100 mg lóòjọ́ lẹ ń fún un yẹn; ìwọ̀n tí àgbàlagbà ò gbọdọ̀ kọjá jẹ́ 40 mg. Tí zinc bá pọ̀ jù fún ìgbà pípẹ́, kì í jẹ́ kí ara fa kọ́pà láti inú oúnjẹ, àìsí kọ́pà sì ń mú kí neutrophil wálẹ̀. Ohun tẹ́ ẹ rà kó lè gbógun ti àrùn ló tún máa wá tú àwọn ọmọ ogun ká!

Ata ilẹ̀ pupa tó wà nínú ọbẹ̀ kì í ṣe wàhálà. Kápúsù ni mo ń bá wí. Nínú àyẹ̀wò tí wọ́n fi eku ṣe, èròjà rẹ̀ dín agbára cyclophosphamide kù lórí jẹjẹrẹ ọmú, oògùn tí obìnrin yìí ń gbà gan-an. Ata dúdú tí wọ́n fi sí i tún ń fa ọwọ́ ẹ̀dọ̀ sẹ́yìn nínú iṣẹ́ rẹ̀ lórí àwọn oògùn míì, kí wọ́n wá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀. Kápúsù aáyù kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì, kímò náà sì ń dín platelet kù, ìyẹn èyí tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Imú á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ̀jẹ̀.

Fítámì C oníhóró kan kò lè dá COVID dúró, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni ìṣòro yín. Èyí tí wọ́n ń fà sí iṣan ní ọ̀pọ̀ gíráàmù ni kẹ́ ẹ sá fún, pàápàá bí wọn ò bá tíì yẹ G6PD rẹ̀ wò (èròjà tó ń dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa), torí ẹ̀jẹ̀ lè máa fọ́. Bí ẹnì kan bá sì mú "fítámì B17" wá, kì í ṣe fítámì rárá. Tó bá dénú ìfun, májèlé sáyánáìdì ló ń dà.

Oníṣègùn_Ewé
Mo fara mọ́ ti ìgò yẹn. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ní kó ju gbogbo rẹ̀ nù, á máa lò ó ní kọ̀rọ̀, ìyẹn ló burú jù. Ẹ fi ọ̀kan sílẹ̀ fún un. Atalẹ̀ dára fún èébì kímò: ìdajì gíráàmù sí gíráàmù kan lóòjọ́, kẹ́ ẹ pín in sí ẹ̀ẹ̀mejì, pẹ̀lú oògùn èébì tí dókítà kọ, kì í ṣe dípò rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n bóyá platelet rẹ̀ tó.

Omi gbígbóná yẹn kì í pa kòrónà. Jíjó ló sábà ń fà: abọ́ á dà sórí itan, awọ á bó, egbò á sì ṣí sílẹ̀ lára ẹni tí kò ní neutrophil.

Ẹ ya fọ́tò gbogbo ìgò, iwájú àti ẹ̀yìn, ẹ kọ iye tó ń lò àti ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí apòògùn ilé ìwòsàn kí ìpè tó kàn tó wáyé. Tó bá jẹ́ pé ó fẹ́ fi ewé rọ́pò kímò pátápátá ni, ẹ sọ fún un pé nínú ìwádìí kan tó jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2018, àwọn tó ṣe bẹ́ẹ̀ kú ní ìlọ́po 2.5 ju àwọn tó gba ìtọ́jú lọ. Ti jẹjẹrẹ ọmú ju ìlọ́po márùn-ún lọ.

Onítànṣán
Kì í ṣe àbọ̀ ìtọ́jú. Ìwádìí FAST-Forward tó jáde ní oṣù kẹrin ọdún 2020 fi 26 Gy (Gy ni wọ́n fi ń wọn ìtànṣán) ní ìgbà 5 wé 40 Gy ní ìgbà 15. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún, jẹjẹrẹ ò padà wá sínú ọmú ju ti àtijọ́ lọ. Ohun tó yàtọ̀ ni pé ti ọjọ́ kan ti di 5.2 Gy dípò 2.67, nítorí náà ẹ má ṣe pa ọjọ́ kan jẹ. Tó bá jẹ́ pé wọ́n máa tan án sí kókó abíyá náà, ẹ bi wọ́n bóyá ọjọ́ márùn-ún yìí kan tirẹ̀. Tí wọ́n bá sì sọ pé àwọn sún un síwájú, ẹ má gba "a ó pè yín". Ẹ gba ọjọ́ pàtó.

Alágbàtọ́jú
Ẹ ṣé gan-an. A ti dá ìgò, zinc àti àwọn kápúsù dúró. Òní ló pé ọjọ́ mẹ́sàn-án tó gba kímò, ó ka 37.8. Ó lo paracetamol méjì fún orí fífọ́ ní wákàtí méjì sẹ́yìn. Kò tíì dé 38, ṣé ká dúró wò ó?

Nọ́ọ̀sì_Kímò
Rárá o. Paracetamol máa ń bo ibà mọ́lẹ̀, torí náà a ò lè gba 37.8 yẹn gbọ́. Ẹ pè wọ́n báyìí, kẹ́ ẹ sọ wákàtí tó lo oògùn náà àti iye tó lò. Ẹ má tún fún un ní òmíràn. Ẹ mú ìgò àgbo yẹn dání, àti ti zinc.