Mo fẹ́ lu ihò bridge (irin tí okùn ń parí sí) sára gìtá tí mo fọwọ́ ara mi kàn, ibo ni kó wà gan-an?

Káfíńtà Onígìtá:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin ará ilé. Ìbàdàn ni mo wà. Àga àti ibùsùn ni mò ń kàn jẹun, mo sì máa ń ta gìtá ní ìjọ wa. Mo rí ọrùn gìtá tókùnbọ̀ kan rà. Ara rẹ̀ ti fọ́ yángá, àmọ́ ọrùn náà le koko, fret orí rẹ̀ (àwọn irin wẹ́wẹ́ tí à ń tẹ okùn mọ́) kò tíì jẹ tán, truss rod, ọ̀pá irin inú rẹ̀ tó ń mú ọrùn tọ́, sì ṣì ń yí. Ni mo bá ní kí n kan ara tuntun fún un. Afárá ni mo lò, pátákó méjì tí mo fi gọ́ọ̀mù funfun lẹ̀ pọ̀, ó nípọn tó mìlímítà 45. Mo ti gbẹ́ ibi tí ọrùn máa jókòó sí, ó wọlé pinpin, kò mì rárá. Mo ti gbẹ́ àyè pickup mẹ́ta náà, àwọn ohun tó ń gba ohùn okùn; single-coil, oníwáyà wíwé kan, ni wọ́n.

Bridge ló kù tó ń kó mi láyà sókè. Bí mo bá ti lu ihò síkúrù yẹn sí ibi tí kò yẹ, ara gìtá mi ti di pátákó ìdáná nìyẹn. Ẹnì kan ní kí n lọ wọ̀n ọ́n lára gìtá ìjọ, kí n lo ìwọ̀n yẹn. Ẹlòmíràn ní kí n gbé e síbi tó bá wu ojú mi, pé saddle, ègé kékeré orí bridge tí okùn ń gùn, ṣeé sún. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀? Lẹ́yìn èyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ wáyà inú rẹ̀, torí iṣẹ́ igi ni mo mọ̀, mi ò mọ iṣẹ́ iná.

Onígìtá Mùṣín:
Má gbọ́ ti èyíkéyìí nínú wọn. Ọrùn tó wà lọ́wọ́ ẹ ló máa sọ ibi tí bridge máa wà. Mú rúlà irin, má lo tépù káfíńtà tí imú rẹ̀ ń mì yẹn. Wọ̀n láti etí nut, ègé tí okùn ń gbà kọjá lókè ọrùn, ní ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí fret, títí dé àárín fret kejìlá. Iye tí o bá rí, sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, ibẹ̀ ni okùn gbọ́dọ̀ parí sí. Ọrùn gìtá oníná irú Stratocaster sábà máa ń jẹ́ bíi mìlímítà 324 dé fret kejìlá, ìyẹn 648 lápapọ̀. Irú Les Paul kúrú ju bẹ́ẹ̀ lọ, bíi 314 dé fret kejìlá. Tí gìtá ìjọ yín bá jẹ́ ọ̀kan, tí tìẹ jẹ́ èkejì, tí o sì lo ìwọ̀n tiwọn, okùn á dùn lófìfo, àmọ́ bí o bá ti tẹ kọ́ọ̀dù lókè ọrùn báyìí, á máa ké bí ẹni tí wọ́n já nǹkan gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

648 yẹn náà kì í ṣe fún gbogbo okùn o. Bí o bá tẹ okùn mọ́ fret, títẹ̀ yẹn fúnra rẹ̀ ń fà á, ohùn rẹ̀ á gòkè díẹ̀, pàápàá èyí tó nípọn. Ìdí nìyẹn tí saddle okùn nípọn fi máa ń wà lẹ́yìn ti tínrín. Bí mo ṣe máa ń ṣe é ni pé màá sún saddle okùn tó tínrín jù síwájú, kó kù díẹ̀ kó dé òpin síkúrù rẹ̀. Màá wá gbé bridge náà kí saddle yẹn bọ́ sí 648 géérégé. Àwọn yòókù á ṣì ní àyè láti padà sẹ́yìn. Okùn tó nípọn jù lè fẹ́ tó mìlímítà mẹ́ta sí mẹ́rin.

Kí o tó fi ìlu kàn án, wá òwú ìránṣọ méjì. So wọ́n mọ́ àwọn kíì orí gìtá, jẹ́ kí wọ́n gba ojú okùn kìíní àti ìkẹfà lára nut, kí o fà wọ́n wá sórí bridge tí o ti fi sẹ́lótéèpù mú mọ́lẹ̀. Wá tẹjú mọ́ etí ọrùn ní ọ̀tún àti ní òsì: àlàfo tó wà láàárín òwú àti etí pátákó gbọ́dọ̀ dọ́gba títí dé fret tó kẹ́yìn. Bí òwú kan bá ń sún mọ́ etí, bridge ni kí o sún.

Ọ̀gá Pátákó Bódìjà:
O ṣeun tó o lo afárá. Àwọn èèyàn á ní dandan, àfi igi òkè òkun. Afárá yìí kan náà ni ilé iṣẹ́ gìtá Gibson ní Amẹ́ríkà ń pè ní korina, òun ni wọ́n fi ṣe Flying V àti Explorer lọ́dún 1958, gìtá tí owó rẹ̀ ń ra ilé lónìí.

Ìbéèrè tèmi ni pé, ṣé ó gbẹ? Kì í ṣe gbígbẹ tí wọ́n fẹnu sọ fún ẹ ní ibi tí wọ́n ti ń la pátákó o. Gbé e sórí ìwọ̀n, kọ iye rẹ̀ sílẹ̀, tì í sí inú yàrá, kí o tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Bó bá ṣì ń fúyẹ́ sí i, omi ṣì wà nínú rẹ̀, àyè tí ọrùn wọ̀ pinpin lónìí á di gbàgàdà nígbà ọyẹ́.

Ọmọ Èkó ní Peckham:
Òótọ́ ni bàbá sọ. Brian May, onígìtá ẹgbẹ́ Queen, òun àti bàbá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kan gìtá tirẹ̀ nílé lọ́dún 1963, pátákó tó wà lórí ibi ìdáná àtijọ́ inú ilé ẹnì kan ni wọ́n sì fi gbẹ́ ọrùn rẹ̀. Igi tó ti gbẹ fún ọ̀pọ̀ ọdún nìyẹn, ta ló tún fẹ́ kó lọ́? Tí ẹ bá rí férémù ilẹ̀kùn ọ̀gánwó tí wọ́n tú kúrò lára ilé àtijọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi dáná.

Àmọ́ ẹ má jẹ́ ká tan ara wa jẹ, lára gìtá oníná, pickup àti bí wọ́n ṣe tò ó ló ń sọ̀rọ̀ jù, kì í ṣe igi.

Ìyá Bass:
Ìyẹn dùn-ún sọ fún ẹni tó ń jókòó ta gìtá. Àwa tí à ń dúró láti ìyìn dé ìdúpẹ́, ìwúwo ni igi fi ń bá wa sọ̀rọ̀. Mo ti gbé èyí tí wọ́n fi ìrókò ṣe rí, èjìká mi ló ròyìn. Ẹni tó bá sì ń gé ìrókò, kó bo imú, eruku rẹ̀ máa ń yún ara, ó sì máa ń dí èèyàn ní èémí. Arère fúyẹ́ dáadáa, ṣùgbọ́n ó rọ̀, síkúrù kì í pẹ́ yọ̀ nínú rẹ̀. Afárá yẹn wà láàárín, o yan dáadáa, àbúrò.

Bàbá Wáyà:
Ọmọ mi, má bẹ̀rù wáyà inú gìtá. Ohun tó ń jáde lára pickup kò tó nǹkan, kò lè gbé èèyàn. Iná tó yẹ kó o bẹ̀rù wà lára ògiri, màá padà sórí ìyẹn.

Pickup kọ̀ọ̀kan ní wáyà méjì, ọ̀kan gbé ohùn, èkejì jẹ́ ilẹ̀. Èyí tó gbé ohùn lọ sí switch tó ń yan pickup, láti switch sí pot (bọ́tìnnì yíyí) fọ́lúùmù, láti ibẹ̀ sí ojú ihò tí o ń ki wáyà ampílífáyà bọ̀. Gbogbo wáyà ilẹ̀ pátá pàdé lẹ́yìn pot. Fi sáńpépà ha ẹ̀yìn pot náà kó tó gba sọ́dà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, sọ́dà á kàn máa yí gbirigbiri lórí rẹ̀. Torí single-coil ni tìẹ, ra pot 250k. 500k wà fún humbucker, pickup oníwáyà wíwé méjì; bí o bá fi sí tìẹ, ohùn rẹ̀ á máa gún létí. Capacitor tó lọ sórí tone (pot tó ń dín ohùn gígún kù), 0.022 tàbí 0.047 microfarad, èyíkéyìí á ṣiṣẹ́.

Wáyà kan wà tí ọ̀pọ̀ ń gbàgbé: láti ẹ̀yìn pot, gba inú igi, wá sábẹ́ bridge. Lu ihò rẹ̀ kó o tó de bridge mọ́lẹ̀.

Káfíńtà Onígìtá:
Ẹ̀yin àgbà, ẹ ṣeun, ẹ̀mí yín á gùn. Ọrùn náà fún mi ní 324 géérégé. Òwú fi hàn pé bridge tí mo fojú gbé kalẹ̀ ti yẹ̀ sí apá òsì. Mo ti tún un ṣe, mo ti lu ihò, ó ti ń dún! Mo fi okùn 10 sí 46 (nínípọn wọn ní ìdá ẹgbẹ̀rún ínǹṣì) sí i.

Ìṣòro méjì ló kù. Ó ń hùn, hùùù, tí mo bá ti tan ampílífáyà. Bí mo bá fọwọ́ kan okùn, híhùn náà á lọ sílẹ̀, bí mo bá mú ọwọ́ kúrò, ó tún dé. Èkejì ni pé okùn kẹta ń gbọ̀n lára fret, ó ń ṣe *zzz* tí mo bá tẹ ibi kẹrìnlá.

Bàbá Wáyà:
Bó bá dínkù nígbà tí o fọwọ́ kan okùn, wáyà abẹ́ bridge ń ṣiṣẹ́. Bó bá jẹ́ pé ó ń pọ̀ sí i ni, á jẹ́ pé o ti fi wáyà ohùn sí ipò wáyà ilẹ̀ lójú ihò tí o ń ki wáyà ampílífáyà bọ̀. Bó bá sì jẹ́ irin wáyà ampílífáyà nìkan ló ń pa á lẹ́nu mọ́, tí okùn kò ṣe nǹkan kan, wáyà bridge ti já.

Tìẹ, ariwo láti inú ilé ló ń gbà: iná wa tó ń lọ síwá sẹ́yìn ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, jẹnẹrétọ̀, ṣájà fóònù, àwọn gílóòbù. Single-coil a máa mú gbogbo rẹ̀. Fi fọ́ìlì lẹ inú àyè pickup àti àyè pot yíká, kí ègé kọ̀ọ̀kan kan èkejì. Fọ́ìlì ilé ìdáná kì í gbà sọ́dà, nítorí náà, fi síkúrù kékeré kan de wáyà ilẹ̀ mọ́ ọn. Ṣọ́ra kí ẹsẹ̀ pot tó gbé ohùn má kàn án, gìtá á dákẹ́ pátá. Bí o bá ń lo ìnfátà olówó pọ́ọ́kú, ìyẹn náà ní ariwo tirẹ̀, fọ́ìlì ò lè bá a fà á.

Ògiri tí mo ní màá padà sí nìyí. Okùn gìtá ẹ ti so mọ́ irin ampílífáyà báyìí. Bí sọ́kẹ́ẹ̀tì ìjọ yín kò bá ní earth, tí o wá fẹnu kan máíkì tí wọ́n so sí ibòmíràn, iná lè gba ètè ẹ wọlé. Kí ampílífáyà àti míkísà jọ wà lórí ẹ̀rọ ìfàná (extension) kan náà, kí àwọn oníná yẹ earth yẹn wò kó o tó gorí pẹpẹ. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí o gé ẹsẹ̀ kẹta plug kí ariwo lè lọ, sá fún un.

Onígìtá Mùṣín:
Lórí zzz yẹn, má tíì fọwọ́ kan fret. Ọrùn ni à ń kọ́kọ́ wò. Tún un tunì dáadáa, tẹ okùn tó nípọn jù mọ́ fret kìíní àti ibi tí ọrùn ti pàdé ara lẹ́ẹ̀kan náà, kó o wá wo àlàfo tó wà lábẹ́ rẹ̀ ní fret keje. Mìlímítà 0.25 ló dáa. Mẹkáníìkì ẹ̀gbẹ́ ilé yín ní feeler gauge tó fi ń wo àlàfo plug, yá a lọ́wọ́ rẹ̀. Bí àlàfo bá pọ̀ jù, yí truss rod sí apá ọ̀tún ní ìdá mẹ́rin ìyípo kan, kó o tún un tunì, kó o tún wò ó. Bí kò bá sí àlàfo rárá, yí i sí apá òsì. Bó bá le, má fi agbára ṣe é.

Lẹ́yìn náà ni gíga okùn ní fret kejìlá: nǹkan bíi mìlímítà 2 fún èyí tó nípọn jù, 1.6 fún èyí tó tínrín jù. Ìgbà yẹn ni kó o tó ṣe saddle. Fọwọ́ kan okùn fẹ́ẹ́rẹ́ lókè fret kejìlá kó dún bí agogo, kó o wá tẹ fret yẹn gan-an, kó o fi tuner orí fóònù wo méjèèjì. Bí èyí tí o tẹ̀ bá ga ju ti agogo lọ, sún saddle sẹ́yìn, bó bá relẹ̀, sún un síwájú.

Ìyá Bass:
Kó o tó dá saddle lẹ́bi, sọ pickup kalẹ̀ díẹ̀. Mágínẹ́ẹ̀tì single-coil máa ń fa okùn tó bá sún mọ́ ọn jù, ohùn á máa gbọ̀n bí ohùn méjì, tuner gan-an ò ní mọ èwo ni kó mú.

Káfíńtà Onígìtá:
Àlàfo fret keje ti pé 0.25 báyìí, mo sì ti sọ pickup kalẹ̀. Saddle ti wà ní àyè wọn. Àmọ́ zzz yẹn ṣì ń dún ní ibi kẹrìnlá, lórí okùn kẹta nìkan.

Onígìtá Mùṣín:
Á jẹ́ pé fret kẹẹ̀ẹ́dógún ló ga ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Gbé ègé irin kékeré tó tọ́ gbọọrọ, tó kàn lè borí fret mẹ́ta, sórí ìkẹrìnlá, ìkẹẹ̀ẹ́dógún àti ìkẹrìndínlógún. Bó bá ń ṣe jàngírọ́fà lábẹ́ okùn kẹta, òun náà nìyẹn. Kọ́kọ́ fi igi àti òòlù kékeré kàn án jẹ́jẹ́, ó lè jẹ́ pé ó ti yọ sókè nínú ojú ihò rẹ̀ ni. Bí kò bá wọlé, mú fáìlì tó múná díẹ̀, lẹ páálí mọ́ pátákó ní apá méjèèjì, kó o fá orí fret yẹn díẹ̀díẹ̀, kó o máa fi irin yẹn wò ó lẹ́yìn ìfá kọ̀ọ̀kan. Tó o bá ti gba orí rẹ̀ pẹrẹsẹ, yí i kó rí roboto padà, kó o wá fi sáńpépà 1000 dán an.