Omi ló ń ka ọjọ́ fún wa: ìrírí wa pẹ̀lú RV nínú aṣálẹ̀ Arizona àti Utah

Ìyá Ìbejì, Phoenix

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Àbúrò wa kan ní Houston béèrè pé báwo ni èèyàn ṣe ń múra láti gbé RV, ọkọ̀ tó dà bí ilé tí èèyàn lè sùn kó sì se oúnjẹ nínú rẹ̀, lọ sùn nínú aṣálẹ̀, àti pé ṣé lóòótọ́ ni wọn kì í gbowó. Èmi, ọkọ mi àti àwọn ìbejì ti ṣe é ní Quartzsite, ní Arizona níbí, nínú oṣù kìíní. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ṣètò rẹ̀, kí ẹlòmíì náà wá fi tiẹ̀ kún un.

Lóòótọ́ ni, àbúrò mi. Ilẹ̀ ìjọba àpapọ̀ ni. Iléeṣẹ́ ìjọba tí gbogbo èèyàn ń pè ní BLM ló ń bójú tó o, tiwọn nìkan sì tó mílíọ̀nù 245 éékà, èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ wà ní ìwọ̀ oòrùn Amẹ́ríkà. Níbi tí wọn ò bá ti ṣòfin pé kí ẹnikẹ́ni má sùn, ẹ lè gúnlẹ̀ síbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Òfin tó wọ́pọ̀ ni pé ẹ ò gbọ́dọ̀ lò ju ọjọ́ 14 lọ láàárín ọjọ́ 28, kí ẹ tó kó lọ síbòmíì.

Ṣùgbọ́n kí ọjọ́ 14 tó pé, táǹkì ọkọ̀ yín á ti lé yín kúrò níbẹ̀. Kò sí ẹ̀rọ omi, kò sí iná, kò sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kò sí ẹni tó ń wá kó pàǹtírí. Ohun tí ẹ bá gbé dání lẹ ní. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ fún ẹni tó bá bi mí pé kó má tíì wo máàpù rárá. Kó kọ́kọ́ lọ wo iye omi tí RV rẹ̀ ń gbà, torí ibẹ̀ ni ètò ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ní gálọ́ọ̀nù 40 ló ń gbà, ẹ sì jẹ́ mẹ́rin. Ẹnì kọ̀ọ̀kan nílò gálọ́ọ̀nù kan lóòjọ́ láti mu, ó kéré tán, bí ẹ bá sì fẹ́ rìn lórí òkè, ẹ fi kún un. Mẹ́rin ti lọ nìyẹn. Ẹ wá ka ti oúnjẹ, ti àwo, ti ojú fífọ̀ àti ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Á ti tó mẹ́jọ sí mẹ́wàá lóòjọ́ kí ẹnikẹ́ni tó ronú àtiwẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ ní, bóyá márùn-ún. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í wo ibi tí ẹ lè lọ, kí ẹ sì mọ ibi tí ẹ ti máa rọ omi mìíràn kí èyí tó tán.

Oúnjẹ wa ń jẹ omi, gbogbo yín mọ̀. Mi ò se ẹ̀wà níbẹ̀, mi ò sì ro àmàlà, torí omi tí a ó fi bó ìkòkò yẹn nìkan á tó èèyàn kan mu. Ilé ni mo ti se ẹ̀wà, mo din ata, mo pín wọn sínú ike, mo gbé wọn sínú fíríísà títí wọ́n fi di yìnyín. Gààrí, búrẹ́dì, ẹyin àti ọsàn la fi kún un. Ní ti ìwẹ̀, a ò fọwọ́ kan ṣáwà RV yẹn. Ìdajì garawa omi gbígbóná pẹ̀lú ife, bí wọ́n ṣe wẹ̀ wá dàgbà, ó tó ọmọ méjì. Inú mi dùn pé àwọn ọmọ mi tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà kọ́ ìyẹn.

Ohun kejì ni ibi tí omi ìdọ̀tí ń lọ. Táǹkì méjì ni, ọ̀kan fún omi tí a fi wẹ̀ tí a fi fọ àwo, èkejì fún ìgbọ̀nsẹ̀. Bí omi mímọ́ ṣe ń dín kù ni àwọn wọ̀nyí ń kún. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣí wọn sílẹ̀ nínú aṣálẹ̀. Ilẹ̀ gbogbo wa ni, ẹlòmíì á sùn síbẹ̀ lọ́la. Torí èyí la ṣe lọ sí La Posa, ní gúúsù Quartzsite lẹ́bàá títì US 95, dípò àwọn ibi ọ̀fẹ́ tó yí ìlú náà ká. BLM ń gba owó ní La Posa láti September 15 sí April 15. Nígbà tí a lọ, 40 dọ́là ni fún ọjọ́ 14, 180 fún gbogbo sáà náà. Ẹ̀rọ omi wà, ibi tí wọ́n ti ń da ìdọ̀tí táǹkì wà. Fún ẹni tó ń kó ọmọ kéékèèké lọ fún ìgbà àkọ́kọ́, owó yẹn tọ́ sí i, mi ò sì rí ìdí tó fi yẹ kó ṣahun.

Bí ẹ bá háyà RV, ẹ ka ìwé àdéhùn dáadáa, torí ọ̀pọ̀ wọn kì í fẹ́ kí ọkọ̀ wọn kúrò lórí títì ọlọ́dà. Àwa gbé ọkọ̀ wa kékeré tẹ̀ lé e, òun la fi lọ síbi tí a ti rìn.

Ọ̀sán oṣù kìíní tuni lára níbẹ̀, òru tutù débi pé ẹ máa fẹ́ aṣọ òtútù méjì. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ dà bí ọyẹ́ gẹ́lẹ́, ètè ń là, imú ń gbẹ, ẹ kó òrí dání. Ohun tó yẹ kí ẹ bẹ̀rù nínú rẹ̀ ni pé òógùn ń gbẹ kí ẹ tó rí i lára. Ẹ lè rò pé ẹ ò làágùn rárá, nígbà tí omi ti ń kúrò lára yín láti àárọ̀. A ò dúró dìgbà tí òùngbẹ bá gbẹ àwọn ọmọ. Bí a bá ti dé ibi tí òjìji wà, kálukú á mu.

Palm Canyon la lọ, nínú Kofa, ibi ààbò ẹranko tí ìjọba yà sọ́tọ̀ ní 1939 nítorí àwọn àgùntàn orí àpáta tí ìwo wọn ká. Láti Quartzsite, ẹ máa wa ọkọ̀ bíi máìlì 18 lọ sí gúúsù lórí US 95, kẹ́ ẹ tó yà sọ́nà olókùúta wẹ́wẹ́ fún bíi máìlì 7. Ìrìn ẹsẹ̀ ibẹ̀ ò ju ìdajì máìlì lọ, àmọ́ òkúta ni gbogbo rẹ̀, ó sì ń gòkè. Ẹ ṣètò kí ẹ dé òkè nígbà tí oòrùn bá wà ní àtàrí, torí ìgbà yẹn nìkan ni ìmọ́lẹ̀ ń wọ inú àlàfo àpáta náà dáadáa. Ibẹ̀ ni ẹ ti máa rí àwọn ọ̀pẹ tí ẹnikẹ́ni ò gbìn, wọ́n dúró gbọnyin láàárín àpáta méjì, níbi tí gbogbo ayé yòókù ti gbẹ. Kì í ṣe ọ̀pẹ epo tiwa, irú èyí tí imọ̀ rẹ̀ dà bí abẹ̀bẹ̀ ni. Ọkọ mi, ọmọ Ìjẹ̀bú, dúró ń wò wọ́n títí, kò sọ̀rọ̀. Ìdùnnú tó wà lójú rẹ̀ lọ́jọ́ náà tó gbogbo wàhálà ìmúra.

Bí a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, a pàdé ọ̀dọ́mọkùnrin kan àti ìyàwó rẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè, ìgò omi kékeré kan ṣoṣo ló wà lọ́wọ́ àwọn méjèèjì, ó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ọkọ mi fún wọn ní ìgò méjì, ó sọ ohun tí a máa ń sọ fún àwọn ọmọ wa fún wọn, pé bí omi bá ti kù ìdajì, ẹ padà, ibi yòówù kí ẹ dé. Wọ́n dúpẹ́ gan-an.

Ẹ má kúrò ní Quartzsite láì rí sàréè Hadji Ali, tí wọ́n ń pè ní Hi Jolly. Ó wà lára àwọn tó kó ràkúnmí wá nígbà tí àwọn ológun Amẹ́ríkà fẹ́ fi ẹran náà kó ẹrù la aṣálẹ̀ kọjá ní àwọn ọdún 1850. Ó kú ní 1902. Ère ràkúnmí kékeré wà lórí sàréè náà.

Dẹ́rẹ́bà Tírélà, Dallas

Ìyá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ti sọ ti omi tí a kò ní. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti omi tó ń wá láì kan ilẹ̀kùn.

Oṣù kẹjọ ni, èmi àti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wà ní Escalante, ní Utah. A fẹ́ wọ Peek-a-boo àti Spooky, àwọn àlàfo àpáta tóóró tó jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ lèèyàn fi ń kọjá níbòmíì. Inú ilẹ̀ Grand Staircase-Escalante ló wà, tí ààrẹ Clinton yà sọ́tọ̀ ní 1996, BLM ló ń bójú tó òun náà. A kọ́kọ́ yà sí ọ́fíìsì wọn ní ìlú náà láti gbàwé àṣẹ àtisùn, ọ̀fẹ́ ni ìwé náà. Obìnrin tó wà níbẹ̀ wo ojú ọjọ́ lórí kọ̀ǹpútà, ó ní ká má wọ àlàfo kankan lọ́jọ́ náà. Ojú ọ̀run mọ́ kedere! Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàròyé pé ṣé torí èyí la ṣe wakọ̀ láti Texas. Mo ní ẹni tó ń gbé inú igbó ló mọ ọ̀nà igbó. Devils Garden la lọ, tí kò jìnnà lórí Hole-in-the-Rock Road, a rìn láàárín àwọn òkúta ibẹ̀, ó dùn mọ́ wa.

Nígbà tí a ń padà lọ́sàn-án, a dé ojú àgbàrá gbígbẹ kan tí a ti wakọ̀ kọjá láàárọ̀. A ò rí ilẹ̀ rẹ̀ mọ́. Omi pupa ni, ó nípọn, ó ń gbé ẹ̀ka igi àti òkúta, a sì ti ń gbọ́ ariwo rẹ̀ ká tó rí i. Òjò kankan ò kán sí wa lórí. Ìkùukùu dúdú kan wà lókèèrè, ibẹ̀ ló ti rọ̀. Ilẹ̀ apá ibẹ̀ kì í fa omi bí tiwa, àpáta àti amọ̀ líle ni, gbogbo òjò tó bá rọ̀ á kóra jọ, á sáré wá sísàlẹ̀. A páàkì sórí ilẹ̀ gíga títí ó fi fà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kò ṣàròyé mọ́.

Ní oṣù kẹjọ 1997, èèyàn 11 ló kú nínú Antelope Canyon ní Arizona nínú irú àgbàrá bẹ́ẹ̀, òjò náà kò sì rọ̀ lórí wọn. Ní September 2015, èèyàn méje tún kú nínú Keyhole Canyon ní Zion, ọgbà ìjọba kan ní Utah. Torí náà, ojú àgbàrá gbígbẹ tí yanrìn rẹ̀ tẹ́jú, tó rọ̀, tó dà bí ibi tó dára láti gúnlẹ̀ sí, ẹ má sùn níbẹ̀. Ẹ wá ibi tí ọkọ̀ ti páàkì rí, tó ga díẹ̀, tí ilẹ̀ rẹ̀ le.

Akẹ́kọ̀ọ́, Houston

Ẹ ṣé gan-an, mà. Ẹ ṣé, sà. Oṣù keje la máa ń gba ìsinmi níbi iṣẹ́. Ṣé a lè lọ nígbà yẹn, sí apá Death Valley, aṣálẹ̀ tó wà ní California?

Nọ́ọ̀sì, Las Vegas

Àbúrò mi, rárá o. Ibẹ̀ ni wọ́n ti wọn ooru tó pọ̀ jù lọ tí a kọ sílẹ̀ láyé, 56.7 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ní July 10, 1913. Láti November sí March ni kí ẹ lọ. Bí oṣù keje nìkan lẹ bá ní, ẹ wá ibi olókè tó ga, kẹ́ ẹ fi aṣálẹ̀ sílẹ̀ dìgbà mìíràn.

Ohun tí mo fẹ́ fi kún ti Ìyá Ìbejì ni ti òtútù òru. Ẹ má tan sítóòfù gáàsì láti fi móoru nínú RV, ẹ má sì jẹ́ kí jẹnẹrétọ̀ wà lábẹ́ fèrèsé. Èéfín tó ń pa èèyàn níbẹ̀ kò láwọ̀, kò sì ní òórùn, ojú oorun ló máa ń bá èèyàn. Ẹ̀rọ tó ń ké bí èéfín náà bá wọlé gbọ́dọ̀ wà, kí ẹ tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ kí ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀ kí ẹ tó kúrò nílé.

Ẹ mú òòyà dání pẹ̀lú. Ẹ̀gún kan wà tí wọ́n ń pè ní cholla, bí ẹ bá kàn fara kàn án, odindi ẹ̀ka rẹ̀ á já lé yín lára. Ẹ má fọwọ́ fà á. Ẹ ki òòyà sáàárín rẹ̀ àti awọ ara, kí ẹ fi gbé e sókè lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ wá fi ẹ̀mú kékeré yọ èyí tó kù.

Fóònù kì í sábà ṣiṣẹ́ lọ́pọ̀ ibẹ̀, torí náà ẹ gba máàpù sórí fóònù láti ilé. Ẹ kọ orúkọ ibi tí ẹ máa sùn àti ọ̀nà tí ẹ máa rìn sílẹ̀ fún ẹnì kan nílé, pẹ̀lú wákàtí tó gbọ́dọ̀ pe 911 bí kò bá gbọ́ ohùn yín. Kí ẹni náà jẹ́ ẹni tó máa gbé ìpè lóru.