Ṣé ìwà mi ni kò jẹ́ n lè tọ́jú ara mi ni?

ỌmọKàbà: Òkun o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ bá mi dá sí èyí. Tí ẹ̀zámù bá ti ku ọ̀sẹ̀ méjì báyìí, oorun ò ní kùn mí mọ́, àyà mi á máa já, ẹ̀náájì dríǹkì ni mo fi ń mọ́jú, indomie làárọ̀ indomie lálẹ́. Rúùméètì mi ńkọ́, kóòsì kan náà la jọ ń ṣe o, aago mẹ́wàá ó ti ń hanrun, ìdájí ó ti jáde lọ sáré. Ó ní bí wọ́n ṣe dá mi nìyẹn. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Ẹ̀gbọ́nMọ̀pà: Àbúrò, kò kúkú parọ́ tán. Saikọ́lọ́jì ni mo kà. Àwọn kan tẹ̀lé ọmọ bíi 1,500 ní California láti 1921, nígbà tó di 1993 onímọ̀ saikọ́lọ́jì kan, Friedman, àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ wá rí i pé àwọn ọmọ tó létò, tó ṣeé fọkàn tán, àwọn ló pẹ́ láyé jù. Sìgá àti ọtí tí wọn ò fi bẹ́ẹ̀ sún mọ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn nìkan kọ́. Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé àwọn ọmọ aláwàdà, àwọn ni ò pẹ́ tó wọn.

AláwàdàÈgbẹ̀: Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi wá sílẹ̀ jàre 😭

Nọ́ọ̀sìÌsánlú: Ọmọ mi, aago mélòó lo ń mu nǹkan yẹn? Káfíìnì tó wà nínú ẹ̀, ó máa ń tó wákàtí márùn-ún kí ìdajì ẹ̀ tó kúrò lára, tóo bá mu ún laago mẹ́jọ alẹ́, aago kan òru ìdajì ṣì wà níbẹ̀. Àyà tó ń já yẹn, o ń pè é ní ìwà, ó lè jẹ́ agolo yẹn ló ń já a. Tó bá wá ń já bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀zámù, lọ rí dókítà o.

ỌmọKàbà: Hẹ̀n! Agolo méjì ni o mà, aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni mo ń bẹ̀rẹ̀. Mo ti pinnu láti jáwọ́ tó ẹ̀ẹ̀mẹta, kì í pé ọjọ́ méjì.

Ẹ̀gbọ́nMọ̀pà: Má pinnu lásán. So ó mọ́ nǹkan tóo ti ń ṣe tẹ́lẹ̀: "tí mo bá ti jẹun alẹ́ tán, omi ni mo máa gbé dání." Gollwitzer, onímọ̀ saikọ́lọ́jì míì, kọ ọ́ ní 1999 pé irú ìpinnu "tí èyí bá ṣẹlẹ̀, èyí ni màá ṣe" máa ń dúró ju "màá gbìyànjú" lọ. Ẹni tí ò létò gan-an ló nílò ẹ̀, èmi náà wà níbẹ̀.

ỌmọKàbà: Ó dáa, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ṣé mà. Agolo méjì ṣì kù lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi ṣá, rúùméètì ni mo máa gbé e fún, ká wo bó ṣe máa sùn.

AláwàdàÈgbẹ̀: 😂😂 Ìkà!