Tíṣà kan, kíláàsì méjì: kí ni ká ṣe?

Ìyá Alákàrà
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ẹnu géètì ilé ẹ̀kọ́ ìjọba kan ni mo ti ń dín àkàrà, ibẹ̀ náà lọmọ mi wà ní píráímárì kẹrin. Tíṣà wọn fẹ̀yìn tì, wọn ò fi ẹlòmíì rọ́pò. Ni tíṣà àwọn kẹta bá kó wọn mọ́ tiẹ̀. Ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ilà sáàárín bọ́ọ̀dù: ọ̀tún tàwọn kẹrin, òsì tàwọn kẹta. Ìdí fèrèsé lọmọ tèmi wà, lórí àpótí tí mo gbé fún un láti ilé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, iṣẹ́ àwọn kẹta ló kọ wálé látòkè délẹ̀! Mi ò bá tíṣà yẹn jà o. Ọ̀dọ̀ mi ló ti ń ra àkàrà, mo rí bó ṣe ń rẹ̀ ẹ́. Wọ́n wá ní kí òbí kọ̀ọ̀kan mú 1,500 náírà wá ká fi gba tíṣà PTA. Ṣebí ọ̀fẹ́ ni wọ́n pè é? Àbí kí n kúkú mú un lọ sí ti aládàáni?

Bàbá Mẹ́ta
Aládàáni wo? Ẹni tó ń kọ́ tèmi níbẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe wáẹ̀kì tán ni. Táì ọrùn ọmọ là ń sanwó fún.

Tíṣà Àná
Ìyá wa, ẹ má tíì yọ ọ́. Nígbà tí ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ lóṣù Kìíní 1955, ọmọ tó wọlé lé ní 800,000. Tíṣà ò tó nígbà náà, ṣùgbọ́n wọ́n ń kọ́ wọn jáde. Lónìí, òfin UBE ti 2004, ìyẹn òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ, ní kí ìjọba àpapọ̀ yọ ìdá 2 nínú 100 owó rẹ̀ sọ́tọ̀ fún irú ilé ẹ̀kọ́ yín. Ìpínlẹ̀ tí kò bá gbé owó tiẹ̀ kalẹ̀ kò ní rí i gbà. Owó oṣù tíṣà tún yàtọ̀, inú owó ìjọba ìbílẹ̀ ló ti ń jáde.

Ọmọ Lọ́yà
Ẹ kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ ìjọba ìbílẹ̀ yín. Òfin FOI ti 2011, tó jẹ́ ká lè béèrè ohun tó wà lákọsílẹ̀ lọ́wọ́ ìjọba, fún wọn ní ọjọ́ 7 láti fèsì. Ẹ má béèrè ìdí tí nǹkan fi bàjẹ́, ọ̀rọ̀ dídùn ni wọ́n máa fi dá yín lóhùn. Ẹ bi wọ́n pé: tíṣà mélòó ló wà lórúkọ ilé ẹ̀kọ́ yìí nínú ìwé owó oṣù yín?

Ìyá Alákàrà
Mo kà wọ́n láàárọ̀ yìí kí epo tó gbóná. Márùn-ún ló wọlé, pẹ̀lú ọ̀gá àgbà, fún kíláàsì mẹ́fà. Bébà tí mo fi ń wé àkàrà ni mo kọ ọ́ sí. Ọmọ Lọ́yà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tò ó bí lẹ́tà.