Dídúró lórí òrùka jimnásíìkì: kí ló dé tó ń gbọ̀n tó báyìí?

Ìbéèrè

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin eléré ìdárayá. Mo lè ṣe púṣọ́ọ̀pù 20 láìsinmi, mo sì lè gbé ara ró lórí igi méjì fún ìṣẹ́jú àáyá 30. Ṣùgbọ́n tí mo bá ti gun òrùka onígi méjì tó fi okùn rọ̀ sókè, apá á máa gbọ̀n jìnnìjìnnì, òrùka á máa sá síta, kò ní tó ìṣẹ́jú àáyá 5 tí mo fi máa bọ́ sílẹ̀. Ìdúró lásán ni mò ń sọ o, kí apá nà ṣánṣán, kí ọwọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ itan. Orí irin gòólù bọ́ọ̀lù ni mo so okùn mọ́, òrùka ga tó àyà mi. Ṣé apá ni kò lágbára ni, àbí ọ̀nà tí mo ń gbà ṣe é ni kò dáa?

Ìdáhùn 1

Apá yín lágbára tó. Igi kì í sá, òrùka ló ń sá. Lórí igi, ẹ kàn ń ti ara sókè ni. Lórí òrùka, ẹ ń ti ara sókè, ẹ sì tún ń fa ọwọ́ méjèèjì wọlé mọ́ra. Iṣan àyà àti ti abẹ́ abíyá ló ń ṣe ìfàwọlé yẹn, wọn ò sì tíì mọ iṣẹ́ náà. Ẹ má bẹ̀rù gbígbọ̀n, ìgúnpá ni kí ẹ máa ṣọ́. Ìgbà tó bá ti tẹ̀ ni kí ẹ sọ̀ kalẹ̀.

Òrùka yín ga jù. Bó bá ga tó àyà, àfi kí ẹ fò gùn ún, ẹni tó bá sì fò gùn ún, èjìká rẹ̀ á ti ká mọ́ etí kó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ dúró, ẹ jẹ́ kí apá rọ̀ sílẹ̀, kí òrùka fi díẹ̀ ga ju ọrùn-ọwọ́ lọ, kí ọmọ ìka ẹsẹ̀ lè máa kan ilẹ̀.

Ẹ di òrùka mú, kí àtàǹpàkò yí i po. Ẹ na ìgúnpá gbọingbọin. Kí ẹsẹ̀ tó kúrò nílẹ̀ rárá, ẹ ti òrùka sísàlẹ̀ bíi pé ẹ fẹ́ rì í mọ́lẹ̀, títí ọrùn á fi gùn tí èjìká á fi jìnnà sí etí. Ẹ fún ìdí pọ̀, ẹ fa egungun ìhà wálẹ̀ sápá ìdodo, kí ẹsẹ̀ wà níwájú díẹ̀. Bí ẹ̀yìn bá ti ká bí ọrun, ikùn ti jáwọ́ nìyẹn. Òrùka lè máa kan itan ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kò burú.

Ẹsẹ̀ ni ká fi bẹ̀rẹ̀: ìṣẹ́jú àáyá 10 lẹ́ẹ̀marùn-ún, ẹsẹ̀ méjèèjì nílẹ̀, ìsinmi ìṣẹ́jú kan láàárín, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹsẹ̀ kan, lẹ́yìn náà ọmọ ìka nìkan, lẹ́yìn náà ẹ gbé e kúrò.

Ìdáhùn 2

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó tún gùn ún: ṣé wọ́n rì òpó gòólù yẹn mọ́lẹ̀? Èyí tí wọ́n kàn gbé kalẹ̀ lè wó luni, ó sì ti pa ènìyàn rí. Bó bá ń mì tí ẹ bá fà á, ẹ wá ibòmíràn.

Ẹ fa okùn gba inú irin ìdè rẹ̀ dáadáa, kí ẹ sì já a wálẹ̀ tagbáratagbára lẹ́ẹ̀mẹta kí ẹ tó gbé ara lé e. Kí okùn méjèèjì jìnnà síra ní nǹkan bí 50 sẹ̀ǹtímítà, bíi ti ìdíje. Kí òrùka méjèèjì dọ́gba pẹ̀lú.

Gígùn okùn náà kó ipa. Bí okùn bá ti gùn tó ni òrùka ń rí àyè sá síta tó, nítorí pé okùn kúkúrú ń yára dá a padà sí àárín. Irin gòólù ńlá ga ní 2.44 mítà, okùn yín á gùn ju mítà kan lọ. Irin tó rẹlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ á rọ ẹni tó ń kọ́ ọ lọ́rùn.

Olùbéèrè

Ẹ ṣé gan-an ni. Wọn ò rì í mọ́lẹ̀, mo ti tú okùn kúrò. Ọ̀kan ṣẹ́kù: okùn ń ha mí lápá. Ṣé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn?

Ìdáhùn 1

Ní ìbẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ wọ aṣọ alápá gígùn. Ìgbà tí ẹ bá lè dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 30 lẹ́ẹ̀mẹta láìfi ẹsẹ̀ kanlẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í yí òrùka síta: kí àtàǹpàkò kọjú síta, kí inú ìgúnpá kọjú síwájú. Nígbà náà ni apá máa kúrò lára okùn. Ẹ má kánjú débẹ̀ o, ibẹ̀ ni ìgúnpá ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í dunni, torí okùn tó so iṣan mọ́ eegun kì í tètè le bí iṣan fúnra rẹ̀. Ẹ yí i díẹ̀, ẹ ka márùn-ún, ẹ dá a padà.