Ikùn rọ̀, ṣé kì í ṣe ọgbẹ́ inú nìyẹn?

Nọ́ọ̀sì_Mushin: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin àgbà. Bí aláìsàn bá ní inú ń ta òun lóru, tí a tẹ ikùn rẹ̀ tó rọ̀ bí òwú, tó jẹ́ ìrora díẹ̀ péré ló wà lókè ìdodo, àwọn kan ní kì í ṣe ọ́lsà. Ṣé òótọ́ ni? Kí ló yẹ kí ọwọ́ wa máa wá, ìgbà wo ló sì yẹ ká gbé e lọ sí LUTH, ilé ìwòsàn ńlá tó wà ní Ìdí-Àràbà?

Dókítà_Yábà: Kì í ṣe òótọ́ o. Ọgbẹ́ inú tí kò tíì dá wàhálà sílẹ̀, ọwọ́ kì í sábà bá nǹkan kan níbẹ̀. Kámẹ́rà tí wọ́n ń tì gba ọ̀nà ọ̀fun ló ń rí ọgbẹ́. Iṣẹ́ ọwọ́ ni láti mọ̀ bóyá ó ti ń ṣẹ̀jẹ̀, bóyá ó ti dá inú lu, tàbí ó ti dí ọ̀nà oúnjẹ.

Ẹ̀jẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá. Ẹ fa ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ wò bóyá ó ti funfun. Ẹ ka ìlù ọkàn, kẹ́ ẹ wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ní ìdùbúlẹ̀, lẹ́yìn náà kó dìde, kẹ́ ẹ tún un wọ̀n láàárín ìṣẹ́jú 3. Bí nọ́ńbà òkè bá fi 20 já wálẹ̀, tàbí tí ìlù ọkàn fi 30 lé sí i, ó ṣeé ṣe kí ẹ̀jẹ̀ ti lọ. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti tutù, tí òòyì ń kọ́, ẹ má dá a dìde rárá. Ẹ má sì torí pé ìfúnpá ọ̀dọ́ ṣì dára kẹ́ ẹ sinmi. Ìlù ọkàn ló máa ń kọ́kọ́ sáré.

Ẹ̀gbọ́n_Ìsàlẹ̀Èkó: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé àyẹ̀wò ihò ìdí. Ìbọ̀wọ́, jẹ́lì, ìka kan. Ìgbẹ́ ẹ̀jẹ̀ a máa dúdú, a máa dán, a máa lẹ̀ bí ọ̀dà títì, òórùn rẹ̀ kì í sì í ṣe kékeré. Ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ (èyí tó ní áyọ́ọ̀nù nínú) náà lè ya ìgbẹ́ dúdú, ṣùgbọ́n kì í lẹ̀, ó sì sábà máa ń ní àwọ̀ ewé tí ẹ bá fi nu gọ́ọ̀sì funfun.

Ní ti ọ̀nà oúnjẹ tó dí: tó bá ti tó wákàtí 4 tó jẹun tàbí mu omi kẹ́yìn, ẹ gbé stethoscope lé òkè ikùn, ẹ di ìbàdí rẹ̀ mú, ẹ mì í. Tí omi bá ń dún bíi kẹ́ẹ̀gì tí kò kún, ọ̀nà ti dí nìyẹn.

Dókítà_Yábà: Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Èyí tó dá inú lu ńkọ́? Aláìsàn náà kì í yí síhìn-ín sọ́hùn-ún, kì í fẹ́ kẹ́nikẹ́ni fara kan bẹ́ẹ̀dì. Ikùn á le bíi pátákó. Ẹ fi ìka kan orí ẹ̀dọ̀, lápá ọ̀tún, lórí egungun ìhà ìsàlẹ̀: ibi tó yẹ kó dún gbì bí itan, á máa dún bí ìlù, torí afẹ́fẹ́ ti jáde síbẹ̀. Àmọ́ ikùn arúgbó, tàbí ti ẹni tó ń lo prednisolone (oògùn sítẹ́rọ́ọ̀dù), lè má le.

Nọ́ọ̀sì_Mushin: Ẹ ṣeun gan-an. Ká fún un ní mílíìkì kó fi mú un dúró títí ọkọ̀ á fi dé?

Dókítà_Yábà: Ẹ má dán an wò! Kò sí mílíìkì, kò sí omi, kò sí àgbo. Dírípù ni kẹ́ ẹ so, kẹ́ ẹ sì pe àwọn ará Ìdí-Àràbà ṣáájú kẹ́ ẹ tó gbéra.