Wi-Fi ayédèrú tó ń jẹ́ orúkọ tiwa: kí ni mo lè fi máa ṣọ́ ọ?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi nídìí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Èmi ni mò ń bójú tó Wi-Fi ilé ẹ̀kọ́ kan ní Adó-Èkìtì. Rọ́tà mẹ́ta péré la ní, àmọ́ mo rí ìkẹrin lórí fóònù mi tó ń jẹ́ orúkọ wa gan-an. BSSID rẹ̀ (nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí rọ́tà fi ń yàtọ̀ síra) kò bá ìkankan nínú tiwa mu, kò sì béèrè páásíwọ́ọ̀dù. Àsìkò tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá ń sanwó lórí fóònù ló máa ń yọjú. Ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù jù, torí owó ọmọ ọlọ́mọ ni.

Mo ti yí páásíwọ́ọ̀dù wa padà, mo sì ti pa gbogbo ojú okùn tí a kò lò lórí switch (ẹ̀rọ tó so okùn nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa pọ̀). Mo gbé WiFi Analyzer (áàpù tó ń wọn agbára Wi-Fi) rìn káàkiri ọgbà: ní ẹnu géètì agbára ayédèrú náà wà ní -80 dBm (kò lágbára), lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìkàwé ó gòkè dé -45 (ó lágbára gan-an), bí mo ṣe fẹ́ wọlé báyìí, ó parẹ́. Mo ro WPA2-Enterprise náà (ààbò Wi-Fi tí oníkálukú ń fi ìdánimọ̀ tirẹ̀ wọlé), ṣùgbọ́n ó nílò sáfà RADIUS (kọ̀ǹpútà tó ń yẹ ìdánimọ̀ náà wò), iná wa kì í sì í dúró.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé ó gùn. Irinṣẹ́ wo tí kò wọ́n ni mo lè fi máa ṣọ́ afẹ́fẹ́ tọ̀sán-tòru, tí yóò ta mí lólobó ní kété tí ayédèrú yìí bá yọjú? Mo dúpẹ́ ṣáájú o.